Ohun Tí Ìyá Mi Sọ Kí Ògiri Tó Wó

Ògiri ilé wa wó pa ìyá mi ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, nígbà òjò, ní Sabon Gari ní Kano. Ohun tí mo lè sọ láìṣiyèméjì kò ju ìyẹn lọ. Gbogbo ìyókù, ẹnu èèyàn ni mo ti gbà á, díẹ̀ lẹ́nu ẹni yìí, díẹ̀ lẹ́nu ẹni yẹn, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà tó dà sínú iyanrìn.

Télọ̀ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Noman's Land, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí ilé wa ìgbà náà. Bàbá ìyá mi ló kọ́ ilé yẹn. Láti Ọ̀ffà ló ti wá ṣiṣẹ́ rélùwéè. Ó ní òun ò ní pẹ́ tí òun á fi padà sílé, àmọ́ Kano ló kú sí. Amọ̀ ló fi mọ ilé náà, ó wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lára, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ń kọjá lọ á rò pé búlọ́ọ̀kù ni. Yàrá mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, mẹ́rin kọjú sí mẹ́rin. À ń gbé méjì tó wà lápá ẹ̀yìn, a sì fi ìyókù háyà fún èèyàn. Yàrá ìyá mi ló kángun sí kòtò ńlá tí omi àdúgbò ń gbà kọjá, kòtò tí ọ̀rá piọ wọ́tà ti dí pa láti ọjọ́ pípẹ́.

Àwa mẹ́ta là ń gbé pọ̀: ìyá mi, tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, tí orúnkún ò jẹ́ kó rìn dáadáa mọ́, èmi, àti ọmọ mi obìnrin, ẹni ogún ọdún, tó ń lọ sí pólì. Òun nìkan ni mo bí. Bàbá rẹ̀ ti kú láti ìgbà tó wà ní praimárì. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bí o bá bá a sọ ọ́, Hausa tàbí pijin ni yóò fi dá ọ lóhùn. Kaka ló máa ń pe ìyá mi, bí àwọn Hausa ṣe ń pe ìyá àgbà.

Òjò ọjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, ó dá díẹ̀, a sì rò pé ó ti tán. Ó tún padà dé. Èyí tó padà dé yẹn kì í ṣe irú òjò tí mo mọ̀. Kò sí ìjì, kò sí àrá, omi kàn ń dà bọ̀ láti òkè láìdáwọ́ dúró, bí ẹni pé ẹnì kan gbàgbé ẹ̀rọ omi sí ṣíṣí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́ géètì wọlé. Mo rántí pé mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá mi, omi ò tíì dé ọrùn ẹsẹ̀ mi. Ìyá mi jókòó sórí àga rẹ̀. Yunifọ́ọ̀mù ilé-ìwé kan wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, àwọn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gé tán, tí mo kó sínú àpò. Àwọn ni ọkàn mi ń bá lọ. Mo ní, "Màámi, ẹ jókòó jẹ́ẹ́, mò ń bọ̀ báyìí." Mo rántí pé ó wò mí. Mo rántí pé kò sọ nǹkan kan. Mo bá lọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù, mo gbé àpò yunifọ́ọ̀mù sókè pẹpẹ. Mo fi ọ̀rá bo ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mo tiẹ̀ tún dúró nu tábìlì. Nígbà tí mo jáde, omi ti dé orúnkún mi lójú títì. Mo ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ nínú rẹ̀, mo sì yà sí àdúgbò wa, ni mo bá rí ojú ọ̀run níbi tí mi ò ti rí i rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, nítorí pé ògiri ló máa ń wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ohun tí mo tún mọ̀ ni pé mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú ilé ìjọsìn wa, wọ́n ró ìró ẹlòmíràn mọ́ mi láyà, Ìyá Ìjọ sì ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ọwọ́ mi. Ó ti ń di ìrọ̀lẹ́. Ní àárín ìgbà tí mo rí ojú ọ̀run àti ìgbà tí mo rí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ yẹn, kò sí nǹkan kan. Mo wá a títí, mi ò rí i.

A sin ín ní Kano ní ọjọ́ kẹta. Àwọn ẹbí pè láti Ọ̀ffà, wọ́n ní kí ló dé tí a ò gbé e wálé. Ìyá mi ò lo ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ ní Ọ̀ffà rí ní gbogbo ayé rẹ̀, síbẹ̀ bó bá ń sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ló ń pè ní ilé. Bí wọ́n ṣe ń bá mi wí lórí fóònù, mò ń sọ pé "ẹ má bínú," mi ò sì mọ ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún gan-an.

Ìjọ aláṣọ funfun ni tiwa, ilé ìjọsìn náà sì wà lórí ilẹ̀ tó ga díẹ̀, omi ò wọ ibẹ̀. Àwa tí ilé wa wó sùn síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lórí ẹní. Ọmọ mi ò sùn níbẹ̀ ju òru mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó kó ìwọ̀nba aṣọ tí a rí yọ, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá òun obìnrin ní àdúgbò Brigade. Kò wò mí lójú nígbà tó ń sọ ọ́. Bí mo bá pè é lórí fóònù, á ní òun wà dáadáa, á sì pa á. Mo rò pé mo mọ ìdí rẹ̀. Òun náà wà nílé lọ́jọ́ yẹn. Ó rí mi nígbà tí mo fi ìyá mi sílẹ̀ lórí àga, tí mo lọ gbé yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ọlọ́mọ kúrò nílẹ̀.

Orí mi ò pé ní ìgbà yẹn, mi ò sì rí ọ̀rọ̀ tó sàn jù bẹ́ẹ̀ tí mo lè lò. Mo rán apá ọ̀tún mọ́ ọwọ́ òsì, mo tú u, mo tún rán an mọ́ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń dé oríta, mi ò ní mọ̀ bóyá ńṣe ni mò ń lọ tàbí mò ń bọ̀. Ẹni tó bá kí mi kú ará fẹ́ra kù, màá kí i padà bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé òun náà lọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Wọ́n ń sọ fún mi pé Ọlọ́run ló fún ni, Ọlọ́run ló sì gbà á. Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mi ò rí ibi tí mo lè gbé e sí.

Ní ìjọ wa, bí ewu bá fo èèyàn dá, ẹ̀rí ló máa ń jẹ́. Onítọ̀hún á dìde lọ́jọ́ Àìkú, á ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí òun bá omi lọ, ìjọ á ṣe halelúyà, wọ́n á dá orin. Bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí omi lọ, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó háyà yàrá nílé wa dìde. Ìjọ ti ń múra halelúyà sílẹ̀. Ó ní, "Mi ò wá jẹ́rìí. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ, mo fẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ ọ." Ó wá ń sọ bí òun ṣe gbé ọmọ òun ọlọ́mú sínú abọ́ ìfọṣọ aláwọ̀ ewé, tí òun ń tì í lórí omi lọ sí géètì, tí abọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì, tí ariwo òjò ò sì jẹ́ kí òun mọ̀ bóyá ọmọ náà ń ké tàbí kò ké mọ́. Ọmọ náà wà lẹ́yìn rẹ̀ níbi tó ti ń sọ̀rọ̀, ó ń sùn. Gbogbo wa rí i pé ó wà láàyè. Ẹnì kan ṣe halelúyà, obìnrin náà gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí wọ́n dúró ná, òun ò tíì débẹ̀. Nígbà tó sọ tán, ó jókòó. Wòlíì ò mọ ohun tí ó lè ṣe, ó bá ní kí wọ́n dá orin.

Ìyá Ìjọ ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà bá ọjọ́ yẹn lọ. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, nọ́ọ̀sì ló jẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí gbogbo ẹni tí omi bá jà máa wá ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí kálukú sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, kó sọ ọ́ ní èdè tó bá fẹ́. Òfin méjì péré ló ṣe. Àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ pé ó wu Ọlọ́run bẹ́ẹ̀ títí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á fi parí. Ìkejì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tún ìtàn ẹlòmíràn ṣe.

Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, Hàjíà tó máa ń dín kósáì, àkàrà àwọn Hausa, sẹ́nu géètì wa wá. Ó ti ń dín in níbẹ̀ kí n tó bí ọmọ mi. Yàrá tirẹ̀ náà wó, ní òdìkejì kòtò. Mùsùlùmí ni, kò fẹ́ wọ inú ilé ìjọsìn, ó bá dúró sí ẹnu ọ̀nà títí a fi parí, ó ń na ọrùn kó lè gbọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ kejì, Ìyá Ìjọ ní kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì jáde sábẹ́ igi dongóyárò tó wà lẹ́yìn ọgbà. Àwọn kan nínú ìjọ kùn. Ó ní omi tó wọlé wa, kò béèrè ẹni tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì kó tó wọ ilé tiwọn. Láti ọjọ́ náà lọ, abẹ́ igi la ti ń jókòó. Ọkùnrin Ibo kan tó ń ta sípéà pátì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójúde ilé wa, náà dara pọ̀ mọ́ wa. Ẹni tó bá sọ Hausa, Ìyá Ìjọ á rọra túmọ̀ rẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni fún pijin àti Yorùbá.

Èmi ò sọ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi ń jókòó níbẹ̀ tí mò ń gbọ́ ti àwọn èèyàn. Mo rò pé yóò fúyẹ́ fún mi bí mo bá ń gbọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ni ó dà mí lórí rú sí i. Bí mo bá dùbúlẹ̀, mo máa ń rí abọ́ aláwọ̀ ewé tó ń pòòyì lórí omi, á sì dá mi lójú pé ojú mi ló rí i. Mo máa ń rí fíríìjì tó léfòó kọjá lẹ́nu géètì, mo sì mọ̀ pé mi ò sí nílé nígbà tí fíríìjì kankan ń kọjá. Ìtàn àwọn ẹlòmíràn wọ inú àlàfo tó wà nínú tèmi, wọ́n jókòó síbẹ̀ bí ayálégbé.

Mo lọ bá Ìyá Ìjọ, mo sọ fún un pé mo ń rántí ohun tí mi ò rí, mi ò sì rántí ohun tí mo rí. Mo bi í bóyá àìsàn ni. Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní òun ti rí èèyàn tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ tó sì fi í sílẹ̀ nígbà tó yá, òun sì ti rí èyí tí kò fi sílẹ̀. Mo fẹ́ kó gbàdúrà fún mi, ó sì gbà á, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò díbọ́n fún mi pé òun mọ ohun tí òun ò mọ̀. Ìyẹn jẹ́ kí n padà wá ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e.

Ọjọ́ yẹn ni oní-sípéà-pátì sọ tirẹ̀. Pijin ló fi sọ ọ́, ó dojú kọ ilẹ̀. Ó ní òun ń kó ẹrù òun sókè ni ọmọ mi sáré dé, tó gbá òun lápá mú, tí kò sì lè sọ̀rọ̀. Òun gbọ́ tí nǹkan wó. Òun àti ẹnì kan tó ń ti bárò omi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kó amọ̀. Ó ní nígbà náà ni mo dé. Ó ní mo kúnlẹ̀ sínú omi, mo ń fi èékánná wa ilẹ̀, àwọn èèyàn fẹ́ fà mí kúrò nítorí pé ògiri tó kù ń mì, mo sì gé ẹnì kan jẹ. Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Apá rẹ̀ ni mo gé jẹ. Àpá eyín mi ṣì wà níbẹ̀.

Mo wo àpá náà. Mo wo ọwọ́ mi. Láti ọjọ́ ìsìnkú ni mo ti rí i pé èékánná mi mẹ́ta ti ya dé ìdí, mo sì ti rò pé ibi tí mo ti ń kó ẹrù ni mo ti fi wọ́n gbá nǹkan. Mo ní kó má bínú. Ó ní kò sí ìjà. Ó wá ní wọ́n bá ìyá mi lórí àga rẹ̀, ní ìjókòó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ ìtàn obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí, àánú obìnrin náà sì ṣe mí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Hàjíà sọ̀rọ̀. Èmi ló dojú kọ. Ó ní òun ti fẹ́ sọ ọ́ fún mi láti ọjọ́ yìí, pé òun wà lẹ́nu géètì, òun ń kó agbada òun nílẹ̀, òun sì gbọ́ ohùn ìyá mi láti inú yàrá. Ó ń kígbe pé, "Ki je! Ki je!" Ìyẹn ni pé, máa lọ, máa lọ. Hàjíà ní èmi ló ń sọ ọ́ fún. Ìyá mi ló ní kí n lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí n má dá ara mi lẹ́bi. Ó wá sọ pé, "Allah ya jikanta," ó ń gbàdúrà kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Kò dùn. Mo ní èmi ò gbọ́ kí ó sọ nǹkan kan. Ìyá mi ò sì bá mi sọ Hausa rí, kò bá mi sọ ọ́ ní ọjọ́ kankan láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Yorùbá ni èmi àti rẹ̀ jọ ń sọ. Oní-sípéà-pátì náà ní bí òun ṣe rántí rẹ̀, Hàjíà ti kó agbada rẹ̀ lọ láti ìgbà tí òjò ti kọ́kọ́ rọ̀ láàárọ̀. Hàjíà ní òun padà wá kó èyí tó ṣẹ́ kù. Ìyá Ìjọ rán oní-sípéà-pátì létí òfin kejì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nínú mi. Mo rò pé Hàjíà ṣàánú mi ni, ó lọ jókòó, ó bá mi hun irọ́ dáadáa kan. Mi ò lè bínú sí i, mi ò sì lè gbà á gbọ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó wà nínú yàrá yẹn. Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Brigade. Ọmọ mi ń fọ aṣọ nígbà tí mo dé. Mo bi í léèrè ohun tí Kaka sọ nígbà tí mo ń jáde. Ó ń fọ aṣọ lọ. Mo tún bi í. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má bi òun. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ yọjú láti inú ilé, ó fi orí ṣe àmì sí mi pé kí n fi í sílẹ̀. Mo fi oúnjẹ tí mo gbé wá sílẹ̀, mo sọ fún un pé ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ la máa ń jókòó, mo sì padà. Nínú kẹ̀kẹ́, mo ń rò ó pé ohun tí Kaka sọ ní láti burú gan-an ni.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta, a ti jókòó, ẹnì kan sì ń sọ̀rọ̀, ni ọmọ mi dé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Kò jókòó. Ó dúró lẹ́yìn bẹ́ǹṣì títí ẹni yẹn fi parí. Ìyá Ìjọ bi í bóyá ó fẹ́ sọ nǹkan. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Hausa ló fi sọ ọ́, èmi ni mò ń kọ ọ́ ní Yorùbá níhìn-ín. Ó ní nígbà tí màmá òun jáde, omi ń ga sí i. Òun sọ fún Kaka pé kó dìde kí òun pọ̀n ọ́n. Kaka rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀yìn òun ò lè gbé e. Ó ní kí òun lọ pe oní-sípéà-pátì lójúde wá, kó wá gbé e jáde. Òun ní òun ò lọ, òun ò lè fi Kaka nìkan sílẹ̀. Ni Kaka bá fi Hausa pàṣẹ fún òun, nítorí pé bó bá fẹ́ kí òun gbọ́ràn kíákíá, Hausa ló fi ń bá òun wí láti kékeré. Ó ní, "Ki je! Ki je!" Òun bá sáré jáde. Òun ti dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà, òun ti dì í lápá mú, kí òun tó la ẹnu ni òun gbọ́ ògiri.

Ó wá kọjú sí mi, ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá, pé, "Èmi ni mo fi í sílẹ̀, Màmá. Mo wà ńbẹ̀, mo sì jáde."

Hàjíà fi ìborùn bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ohun tó gbọ́ ni ó sọ fún wa, àṣé òótọ́ ni, ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún nìkan ni kò mọ̀. Mo ń rò ó, mo sì ń wo ọmọ mi, ó sì ń yé mi díẹ̀díẹ̀ pé láti ọjọ́ ìsìnkú ló ti rò pé mo mọ̀, pé mo ń dá a lẹ́bi, pé ìdí nìyẹn tí mi ò fi tíì sọ nǹkan. Èmi náà sì ti rò pé ó ń dá mi lẹ́bi. A ti ń sá fún ara wa láti Sabon Gari dé Brigade nítorí ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò pè.

Ó yẹ kí n dìde dì mọ́ ọn. Ohun tí mo ṣe kọ́ nìyẹn. Ìbéèrè tó ti wà lẹ́nu mi láti ọjọ́ tí Hàjíà ti sọ̀rọ̀ ló jáde. Mo ní, "Èmi ńkọ́? Kí ló sọ fún èmi?"

Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Ó ní, 'Má pẹ́ o.'"

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó ní mo ti kọ ẹ̀yìn sí i nígbà tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo dáhùn. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Mi ò rántí. Títí di òní, mi ò rántí pé mo dáhùn.

Nígbà náà ni mo tó dìde. Mi ò mọ ìgbà tí a dé ilẹ̀, èmi àti rẹ̀, lórí iyanrìn abẹ́ igi. Ìyá Ìjọ ní kí wọ́n jẹ́ kí a wà bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún àwọn tó kù pé ó tó fún ọjọ́ náà, wọ́n sì ń gbé bẹ́ǹṣì wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yí wa ká kọjá.

Mo fẹ́ sọ pé ọkàn mi balẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ó balẹ̀ ní ibì kan, ó sì tún dàrú ní ibòmíràn. "Má pẹ́ o" ni ìyá mi máa ń sọ bí mo bá ń lọ sọ́jà, bí mo bá ń lọ sí ìsìn, bí mo bá fẹ́ lọ ra ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ogójì ọdún ló fi ń sọ ọ́ fún mi. Ṣé bó ṣe máa ń sọ ọ́ náà ló ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn? Àbí ó ti gbọ́ nǹkan lẹ́yìn ògiri, tó sì fẹ́ kí n tètè dé lóòótọ́? Kí ló dé tó tún lé ọmọ jáde lẹ́yìn mi? Ṣé nítorí kí wọ́n lè wá gbé e ni, àbí ó mọ̀ pé ògiri yẹn ò ní dúró, kò sì fẹ́ kí ọmọ wà níbẹ̀? Mo gbé e yípo. Ní ọjọ́ kan, màá gba èyí gbọ́, ní ọjọ́ kejì, màá gba ìyẹn. Mo bi Ìyá Ìjọ. Ó ní òun pẹ̀lú ti rò ó, òun ò sì rí ọ̀nà tí a lè gbà mọ̀ ọ́n. Ọmọ mi ní tòun, òun gbà pé Kaka mọ̀. Ó ní bí òun ò bá gba ìyẹn gbọ́, òun ò ní lè sùn. Mo ní kó gbà á gbọ́.

Ṣùgbọ́n mo ti ń rán apá aṣọ mọ́ ibi tó yẹ. Mi ò rí abọ́ aláwọ̀ ewé mọ́, àyàfi bí mo bá rí obìnrin náà, tí mo bá sì rí ọmọ rẹ̀ tó ti ń rìn báyìí, tí mo wá rántí pé tiwọn ni. Ìjókòó Ọjọ́bọ̀ náà, kò sẹ́ni tó kéde pé ó ti parí. Àwọn kan rí yàrá sí ibòmíràn, àwọn kan padà sílé wọn, oní-sípéà-pátì tún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣe, àwọn tó ń wá ń dín kù, títí di ọjọ́ kan tí ó ku Ìyá Ìjọ àti Hàjíà nìkan, tí àwọn méjèèjì sì jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa orúnkún wọn, wọ́n sì lọ sílé.

Èmi àti ọmọ mi háyà yàrá kan ní Tarauni, ilé búlọ́ọ̀kù. Ó ti padà sí pólì. A gbé fọ́tò ìyá mi kọ́ ara ògiri, ọ̀kan ṣoṣo tí omi ò bà jẹ́ nítorí pé ọ̀dọ̀ onífọ́tò ló wà. Ní oṣù tó kọjá, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé yàrá tó kọjú sí tiwa wá tọrọ iyọ̀, ó sì béèrè ta ni màmá yẹn. Èmi ń rán aṣọ lọ́wọ́. Ọmọ mi gbé àga fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí òjò, ó sọ ti omi, ti àga, ti bí òun ṣe ní kí òun pọ̀n ọ́n tí ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé ibi tèmi, ó ní Kaka sọ fún màmá òun pé kó máa lọ, kó lọ bójú tó iṣẹ́ rẹ̀, òun wà dáadáa. Kì í ṣe ohun tó sọ fún wa lábẹ́ igi nìyẹn.

Mo gbé ojú sókè. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Obìnrin náà ń mi orí, ó di iyọ̀ mú lọ́wọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ tàbí kí n má sọ. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, mo sì ń rán aṣọ mi lọ, mo ń gbọ́ ọ títí ó fi parí rẹ̀.